Orí Kẹsàn-án: Wíwádìí Sẹ́ńsọ̀ Ọ̀pá Kámù Kí A Tó Pààrọ̀ Rẹ̀

Sẹ́ńsọ̀ ọ̀pá kámù wà lára àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ tí wọ́n máa ń yọ sọnù láìṣẹ̀ láìrò. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé ẹ̀rọ sìkánà dárúkọ rẹ̀. Iná ẹ́ńjìnnì tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n ki sìkánà bọ ojú ihò rẹ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kóòdù P0340 jáde, wọ́n sì gba ọjà lọ láti ra sẹ́ńsọ̀ mìíràn. Bí iná náà bá kú, wọ́n á ní iṣẹ́ ti parí. Bí ó bá tún tàn lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á ní èyí tí àwọn rà kì í ṣe ojúlówó, wọn á sì tún ra òmíràn. Ohun tí orí yìí fẹ́ fi hàn ni pé kóòdù náà kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ bàjẹ́. Ohun tó sọ ni pé ìròyìn tó yẹ kí kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì gbà láti ibi ọ̀pá kámù kò dé, tàbí pé ó dé ṣùgbọ́n kò bá ohun tí kọ̀ǹpútà ń retí mu. Láti ọ̀pá kámù títí dé kọ̀ǹpútà, awo eléyín wà níbẹ̀, sẹ́ńsọ̀ wà níbẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti wáyà wà níbẹ̀, iná tí ń bọ̀ àti ẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, ṣéènì táímìn náà sì wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Èyíkéyìí nínú wọn ló lè ba ìròyìn náà jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ èyí yóò fi mítà wọ̀n kí ó tó fi spánà tú.

Iṣẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ yìí ń ṣe ni kí a kọ́kọ́ mọ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì tó ń lo bẹntiróòlù, iṣẹ́ mẹ́rin ni pístìnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe léraléra: ó ń fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, ó ń fún wọn pọ̀, iná ń jó wọn kí agbára lè jáde, lẹ́yìn náà ni yóò ti èéfín síta. Kí iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó parí, ọ̀pá kíráńkì ti yí po lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó jẹ́ dígíríì 720, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọ̀pá kámù, tó ń ṣí fáàfù tó sì ń pa á dé, yí. Láàárín dígíríì 720 yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni pístìnì kan náà ń dé òkè pátápátá. Ní ìgbà kan, afẹ́fẹ́ àti epo tó ti fún pọ̀ ló wà lórí rẹ̀, tó ń dúró de iná púlọ́ọ̀gì. Ní ìgbà kejì, èéfín ló ń tì jáde. Sẹ́ńsọ̀ ọ̀pá kíráńkì lè mọ̀ pé pístìnì ti dé òkè, ṣùgbọ́n kò lè mọ èwo nínú ìgbà méjèèjì ni èyí. Sẹ́ńsọ̀ ọ̀pá kámù ló ń yanjú rẹ̀. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní brain box, fi ń mọ nọ́sù tó kàn láti fọ́n epo àti kọ́ìlì tó kàn láti ta iná, sílíńdà kan lẹ́yìn òmíràn.

Láti inú àlàyé yìí ni a ti rí ìdí tí àmì àléébù rẹ̀ kì í fi í jọra láti ọkọ̀ dé ọkọ̀. Kọ̀ǹpútà mìíràn wà tó jẹ́ pé bó bá ti mọ sílíńdà tó kàn lẹ́ẹ̀kan, ó lè máa ka eyín ọ̀pá kíráńkì lọ láìtún bèèrè lọ́wọ́ ọ̀pá kámù. Bí sẹ́ńsọ̀ kámù bá kú lójú ọ̀nà, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò máa rìn, ọjọ́ tí wọ́n bá pa á tí wọ́n fẹ́ tún un ṣíná ni wàhálà yóò bẹ̀rẹ̀: sítátà yóò yí i títí kí ó tó gbà, nítorí kọ̀ǹpútà ń fi ojú díwọ̀n. Òmíràn kò ní ṣíná rárá títí ìròyìn kámù yóò fi dé. Òmíràn yóò kú lójijì bí ó bá ti gbóná, yóò sì ṣíná padà bí ó bá tutù. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tó ní agbára láti yí àkókò ṣíṣí fáàfù padà, kọ̀ǹpútà lè dá ìyípadà náà dúró, kí ọkọ̀ má lágbára mọ́, kí ó máa jẹ epo. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ìkankan nínú àwọn àmì wọ̀nyí tó jẹ́ ti sẹ́ńsọ̀ kámù nìkan. Pọ́ńpù epo tí agbára rẹ̀ ti dínkù ń mú kí ọkọ̀ pẹ́ kó tó ṣíná. Sẹ́ńsọ̀ kíráńkì tó ń gbóná ń pa ọkọ̀ lójijì. Kọ́ìlì tó ń jò ń mú kí ọkọ̀ máa jáàkì. Nítorí náà, àmì lè darí wa síbi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀, kò lè bá wa dá ẹjọ́.

Ẹ wo Toyota Corolla tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ọdún ìṣe 2003 títí dé 2008, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí tòkunbọ̀. Ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE ló wọ́pọ̀ nínú rẹ̀. Awo eléyín orí ọ̀pá kíráńkì rẹ̀ ní àyè eyín 36, ṣùgbọ́n wọ́n fi méjì sílẹ̀ láìgbẹ́, ó ku 34. Àlàfo méjì yẹn ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ ibi tí ìyípo ti bẹ̀rẹ̀. Eyín 3 péré ló wà fún ọ̀pá kámù. Bí sítátà bá ń yí ẹ́ńjìnnì ní ìyípo 200 ní ìṣẹ́jú kan, ìyípo 100 ni ọ̀pá kámù ń yí, èyí já sí pé sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ń fi àmì 5 ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ti kíráńkì ń fi nǹkan bíi 113 ránṣẹ́. Bí ọkọ̀ bá ti ṣíná tó sì wà ní síló, ní ìyípo 800, ti kámù di 20. Ìṣirò yìí ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lójú lọ. Nínú ọ̀pọ̀ àmì kíráńkì, bí ẹyọ kan bá sọnù, kọ̀ǹpútà lè fojú fò ó. Nínú àmì mẹ́ta, bí ẹyọ kan bá sọnù, ìdá kan nínú mẹ́ta ìròyìn ti lọ. Ìdí nìyí tí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó kàn dẹ̀ díẹ̀, tí kò tíì já, fi lè tan iná ẹ́ńjìnnì ní ti kámù, tí sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ kò sì ní ẹ̀bi kankan.

Oríṣi sẹ́ńsọ̀ méjì ló wọ́pọ̀ jù, ọ̀nà tí a ń gbà yẹ̀ wọ́n wò sì yàtọ̀ pátápátá. Èkíní ni oníwáyà méjì, irú èyí tó wà lára 1ZZ-FE. Òòfà àti wáyà tí wọ́n ká jọ ló wà nínú rẹ̀. Michael Faraday ti fi hàn ní 1831 pé bí agbára òòfà tó gba àárín wáyà kíká bá ń yí padà, iná yóò jáde nínú wáyà náà. Bí eyín irin bá ń kọjá níwájú sẹ́ńsọ̀, agbára òòfà ń yí padà, iná sì ń jáde. Bí eyín bá ṣe yára kọjá tó ni iná náà ṣe ń lágbára tó. Sẹ́ńsọ̀ yìí kò gba iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òun ló ń mú tirẹ̀ wá. Èkejì ni oníwáyà mẹ́ta tó ń lo ìlànà tí Edwin Hall rí ní 1879 nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà: bí iná bá ń gba inú irin pẹlẹbẹ kan kọjá, tí òòfà sì kọjú sí irin náà, fọ́ọ̀tì kékeré yóò yọ láti ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Sẹ́ńsọ̀ irú èyí gbọ́dọ̀ gba iná kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Wáyà kan ń gbé iná wá, ọ̀kan jẹ́ ẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan ń gbé ìròyìn lọ, ìròyìn náà kì í sì dínkù bí ẹ́ńjìnnì bá rọra yí: bóyá ó wà lókè, bóyá ó wà nísàlẹ̀.

Má ṣe jẹ́ kí orúkọ ọkọ̀ tàn ọ́. Corolla ọdún ìṣe 2009 tó ń lo ẹ́ńjìnnì 2ZR-FE kò tún lo sẹ́ńsọ̀ kámù oníwáyà méjì mọ́. Oníwáyà mẹ́ta ni, méjì ló sì wà nínú ẹ́ńjìnnì kan, ọ̀kan fún ọ̀pá kámù fáàfù afẹ́fẹ́, ọ̀kan fún ti èéfín. Ẹni tó bá fi mítà wọn óòmù sẹ́ńsọ̀ oníwáyà mẹ́ta bó ṣe wọn ti oníwáyà méjì kò ní rí ohun tó nítumọ̀, nítorí ẹ̀rọ kékeré ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe wáyà kíká. Àwọn sẹ́ńsọ̀ oníwáyà méjì mìíràn sì wà tí wọ́n fi wáyà kẹta bò lára kí ariwo iná kọ́ìlì má baà wọlé, nítorí náà kíka wáyà nìkan kò tó. Àwòrán wáyà ọkọ̀ náà gan-an ló ń fọwọ́ sọ̀yà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí kóòdù. Láti ọdún ìṣe 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti mú un ní dandan kí àwọn ọkọ̀ kéékèèké tuntun ní ètò OBD-II, ìdí sì nìyí tí kóòdù P0340 fi ní ìtumọ̀ kan náà nínú Honda àti nínú Ford. Ìtumọ̀ náà ni pé àléébù wà nínú àyíká iná sẹ́ńsọ̀ ọ̀pá kámù. Àyíká iná ni wọ́n kọ síbẹ̀. Àwọn kóòdù tó tẹ̀lé e tún là á yé wa sí i: P0341 ní ìròyìn ń dé ṣùgbọ́n kò bójú mu, P0342 ní fọ́ọ̀tì ìròyìn wà nísàlẹ̀ jù, bí ìgbà tí wáyà rẹ̀ bá ń kan irin ọkọ̀, P0343 ní ó wà lókè jù, bí ìgbà tí wáyà bá já tàbí tó ń kan wáyà mìíràn tó ní iná, P0344 ní ó ń wá, ó ń lọ. Bí àwọn tó ṣe ètò náà bá gbà pé sẹ́ńsọ̀ nìkan ló lè bàjẹ́, kóòdù kan ṣoṣo ì bá tó wọn. Kóòdù mìíràn tó bá jáde pẹ̀lú rẹ̀ tún ní ohun tó ń sọ. P0340 pẹ̀lú P0335 ti kíráńkì lọ́jọ́ kan náà ń tọ́ka sí ohun tí àwọn méjèèjì jùmọ̀ ń lò, ìbáà jẹ́ iná tàbí ẹ́ẹ̀tì tàbí wáyà tó ń rìn papọ̀. P0340 pẹ̀lú P0641 ń sọ pé iná fọ́ọ̀tì 5 tí kọ̀ǹpútà ń pín fún àwọn sẹ́ńsọ̀ ló ní àléébù. P0016 kò sọ̀rọ̀ wáyà rárá. Ó ní ọ̀pá kámù àti ọ̀pá kíráńkì kò bá ara wọn mu. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ẹni tó sì gbọ́ ti kóòdù kan láìwo àwọn tó jáde pẹ̀lú rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n ń bá wí.

Kí mítà tó jáde, ìbéèrè ni kí ó ṣáájú. Kí ni wọ́n ṣe sí ọkọ̀ náà kí iná tó tàn? Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ bẹ́líìtì tàbí ṣéènì táímìn, bóyá wọn kò fi àmì sí àmì. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ́ńjìnnì bẹ́líjọ́ọ̀mù sínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí awo eléyín tó bá a wá yàtọ̀ sí èyí tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà mọ̀, bí sọ́kẹ́ẹ̀tì tilẹ̀ wọra. Bátìrì náà ní ẹjọ́ láti jẹ́. Níwọ̀n bí iná sẹ́ńsọ̀ oníwáyà méjì ti ń tẹ̀lé eré ẹ́ńjìnnì, bátìrì tí agbára rẹ̀ ti lọ yóò mú kí sítátà máa fà, àmì sẹ́ńsọ̀ yóò kéré ju ohun tí kọ̀ǹpútà lè kà, kóòdù yóò sì wọlé. Bátìrì tó dára máa ń fi nǹkan bíi fọ́ọ̀tì 12.6 hàn bí ọkọ̀ bá sinmi, kò sì yẹ kó lọ sísàlẹ̀ ju 9.6 lọ nígbà tí sítátà bá ń yí. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ojú wo sọ́kẹ́ẹ̀tì: ọ́ìlì tó jò wọnú rẹ̀, ẹsẹ̀ irin tó dógùn-ún tàbí tó tẹ̀, wáyà tí eku gé tàbí tó ń fara nu irin gbígbóná. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo èyí gbà, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Bí sẹ́ńsọ̀ bá jẹ́ oníwáyà mẹ́ta, ẹ tú sọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò lára rẹ̀, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìṣíná, kí ẹ fi ẹsẹ̀ dúdú mítà mọ́ nẹ́gétíìfù bátìrì. Ó yẹ kí wáyà iná fi fọ́ọ̀tì 5 tàbí fọ́ọ̀tì bátìrì hàn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe ọkọ̀ náà. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, kò sí sẹ́ńsọ̀ tuntun kankan tó lè ṣiṣẹ́ lórí wáyà yẹn, fíúsì tàbí iná tí kọ̀ǹpútà ń pín ni kí a wá lọ. Sẹ́ńsọ̀ mìíràn tó ń bá a pín fọ́ọ̀tì 5 náà lè ti jóná kó sì fa gbogbo wọn sílẹ̀. Bí a bá ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó rí èyí tó jẹ́ pé bó bá ti kúrò, fọ́ọ̀tì 5 yóò padà. Wáyà ìròyìn tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà sábà máa ń fi fọ́ọ̀tì 5 hàn pẹ̀lú, bí sẹ́ńsọ̀ kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Bí ó bá wà, a mọ̀ pé wáyà náà kò já, kọ̀ǹpútà náà sì ń tẹ́tí.

Ẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á fi mítà sí i, á fi fọ́ọ̀tì 12 hàn sí pọ́sítíìfù bátìrì, wọ́n á ní ó pé. Ṣùgbọ́n iná tí mítà ń lò kéré débi pé okùn wáyà kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù nínú èyí tó ti já yóò ṣì fi fọ́ọ̀tì 12 hàn, síbẹ̀ kò ní lè gbé iná tí sẹ́ńsọ̀ nílò. Ohun tó tọ́ ni kí a dá sọ́kẹ́ẹ̀tì padà, kí kọ́kọ́rọ́ wà ní ON, kí a fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gba ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì kan wáyà ẹ́ẹ̀tì, kí a sì wọ̀n láti ibẹ̀ dé nẹ́gétíìfù bátìrì. Bí ó bá ju fọ́ọ̀tì 0.1 lọ, ẹ́ẹ̀tì náà ní àléébù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí a gbé abẹ́rẹ́ sí wáyà ìròyìn, kí a yọ púlọ́ọ̀gì kí ẹ́ńjìnnì lè fúyẹ́, kí a fi spánà yí ọ̀pá kíráńkì lọ́wọ́ sí ìhà tó máa ń yí sí. Ó yẹ kí fọ́ọ̀tì máa bọ́ láti nǹkan bíi 5 sí ẹ̀gbẹ́ òdo, kó sì tún padà. Bí a bá yí i lẹ́ẹ̀mejì gbáko, tí iná àti ẹ́ẹ̀tì pé, tí awo eléyín wà ní pípé, tí ìròyìn kò sì mì, nígbà yìí ni a tó lè sọ pé sẹ́ńsọ̀ jẹ̀bi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wí nítorí pé ìyípo kan ọ̀pá kíráńkì jẹ́ ìlàjì ti kámù, eyín tí a ń wá sì lè wà ní ìlàjì kejì.

Ti oníwáyà méjì rọrùn jù. A ó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì, a ó wọn óòmù láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, a ó sì fi wé ohun tí ìwé ọkọ̀ náà sọ. Láti ọgọ́rùn-ún mélòó kan títí dé nǹkan bíi 3,000 óòmù ló wọ́pọ̀, ó sì máa ń lọ sókè bí sẹ́ńsọ̀ bá gbóná. A ó tún wọ̀n láti ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí irin ara sẹ́ńsọ̀, kò sì gbọdọ̀ sí ọ̀nà kankan láàárín wọn. Ṣùgbọ́n óòmù tó pé kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ ń ṣiṣẹ́. Òòfà inú rẹ̀ lè ti sán, kí wáyà kíká rẹ̀ ṣì wà ní pípé. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ yí mítà sí fọ́ọ̀tì AC, kí ẹnìkan máa yí sítátà, kí a wo bóyá iná ń jáde. Pẹ̀lú àmì 5 péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan, òǹkà tí mítà yóò gbé jáde yóò kéré, yóò sì máa fò sókè sódò; wíwà rẹ̀ ni a ń wò, kì í ṣe bó ṣe pọ̀ tó. Bí a bá yọ sẹ́ńsọ̀, ẹ wo imú rẹ̀. Ìyẹ́ irin tí ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ara rẹ̀ ń tú jáde máa ń lẹ̀ mọ́ òòfà níbẹ̀, ó sì ń da àmì rú. Ẹni tó bá nù ún dànù tó sì dá a padà ti tún àmì ṣe, ṣùgbọ́n kò tíì bèèrè ibi tí ìyẹ́ irin náà ti wá.

Àléébù tó ń wá tó ń lọ ló ń mú mẹkáníìkì tó dára yàtọ̀. Bí òǹkà bá pé nígbà tí ọkọ̀ tutù, ẹ má ṣe dá sẹ́ńsọ̀ láre. Ẹ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ ooru sí i lára, kí ẹ tún òǹkà náà wò. Ẹ mi wáyà láti sọ́kẹ́ẹ̀tì títí dé ibi tó ti wọ àárín àwọn yòókù nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní síló. Bí ọkọ̀ bá kú nígbà tí ọwọ́ kan ibì kan, ibẹ̀ ni kí a là.

Ọ̀nà kan ṣì kù tó jẹ́ pé gbogbo òǹkà yóò pé, kóòdù yóò sì padà wá. Sẹ́ńsọ̀ ń sọ òótọ́, kọ̀ǹpútà ń gbọ́, ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń ròyìn ló burú. Nínú 1ZZ-FE, kọ̀ǹpútà mọ ibi tí eyín kámù kọ̀ọ̀kan yẹ kó bọ́ sí láàárín eyín 34 ti kíráńkì. Bí ṣéènì bá ti fà gùn, tàbí bẹ́líìtì inú ọkọ̀ mìíràn bá ti fo eyín kan, eyín kámù yóò pẹ́ kó tó dé. Bí ọ́ìlì bá ti dọ̀tí jù, ẹ̀rọ tó ń yí àkókò fáàfù padà lè há, yóò sì mú irú ìdàrúdàpọ̀ kan náà wá. Nínú ọkọ̀ kan P0016 tàbí P0011 ni yóò jáde. Nínú òmíràn P0341, tó dárúkọ sẹ́ńsọ̀ tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Oscilloscope ló ń fi èyí hàn kedere, nítorí pé a lè gbé àmì kámù àti ti kíráńkì sójú kan náà, kí a fi wọ́n wé ti ọkọ̀ tó dára. Ibi yìí ni pípààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ láìwádìí ti léwu jù, nítorí nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tí pístìnì àti fáàfù ti lè pàdé, bẹ́líìtì tó tún fo eyín díẹ̀ sí i yóò tẹ fáàfù, owó tí wọ́n ì bá fi ra ṣéènì tàbí bẹ́líìtì yóò sì di owó ẹ́ńjìnnì.

Àwọn kan yóò wí pé gbogbo èyí jẹ́ ìlọ́ra, pé sẹ́ńsọ̀ kò wọ́n, pé bólúùtì kan ló dì í mú, àti pé kíákíá ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Nínú ọkọ̀ tó ti pẹ́, tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ wà níta gbangba, tí sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́, tí kóòdù rẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan, ó ṣeé ṣe kí sẹ́ńsọ̀ jẹ̀bi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwíjàre yìí gbà pé èyí tí wọ́n fẹ́ rà dára, ìyẹn gan-an ni ohun tí kò dájú nínú ọjà wa. Ayédèrú wà, èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ àlòkù wà, a kò sì lè fi ohun tí a kò mọ ìwà rẹ̀ dán ohun tí a kò mọ ìwà rẹ̀ wò. Bí iná bá tún tàn, mẹkáníìkì ti ní ìbéèrè méjì dípò ọ̀kan.

Àtakò kejì lágbára jùyẹn lọ: pé fífi èyí tó dára dípò èyí tí a fura sí jẹ́ àyẹ̀wò fúnra rẹ̀. Mo gbà, bí a bá mọ̀ dájú pé èyí tí a fi dípò dára. Ẹ́ńjìnnì V6 tó ní sẹ́ńsọ̀ kan náà ní ìhà méjèèjì ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Bí ìhà kìíní bá gbé P0340 jáde, ẹ pààrọ̀ ipò àwọn sẹ́ńsọ̀ méjèèjì, ẹ pa kóòdù rẹ́, kí ẹ sì wa ọkọ̀ náà. Bí P0345 ti ìhà kejì bá jáde, ẹ̀bi náà bá sẹ́ńsọ̀ rìn, ẹjọ́ parí. Bí P0340 bá dúró síbi tó wà, sẹ́ńsọ̀ ti bọ́, wáyà tàbí táímìn ló kù. Kò ná ẹnikẹ́ni ní owó, ẹ̀rí tó sì mú wá lágbára ju ti mítà mìíràn lọ. Ohun tí mo kọ̀ ni kí a pe ríra ẹ̀yà tuntun ní àyẹ̀wò.

Ní ti àwọn tó ń sọ pé ilé iṣẹ́ kékeré kò lè ní oscilloscope, mítà lásán lè parí èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí a ti ṣàlàyé. Ibi tí yóò ti kùnà ni fífi àmì méjèèjì wéra, ìyẹn náà sì ní ọ̀nà àtijọ́: kí a ṣí ìbòrí, kí a fi àmì táímìn sí àmì, kí a fojú wò ó. Ó ń gba àkókò, ó sì ń dáni lójú.

Bí ẹ̀rí bá wá fi hàn pé sẹ́ńsọ̀ ni, kí a fi irú kan náà dípò rẹ̀, kí rọ́bà yíyípo rẹ̀ jẹ́ tuntun kí ọ́ìlì má baà jò, kí imú rẹ̀ jókòó dáadáa, nítorí àlàfo kékeré tó wà láàárín rẹ̀ àti eyín ni agbára àmì rẹ̀ gbára lé. Àwọn ọkọ̀ kan wà tó jẹ́ pé sìkánà ni a ó fi kọ́ kọ̀ǹpútà ní ìbáṣepọ̀ kámù àti kíráńkì lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà, ẹ pa kóòdù rẹ́, ẹ ṣíná nígbà tí ọkọ̀ tutù, ẹ wà á títí yóò fi gbóná dáadáa, ẹ pa á, kí ẹ sì tún un ṣíná gbígbóná bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe gbára lé iná dáṣíbọ́ọ̀dù nìkan. Nínú ètò OBD-II, bí a kò bá fi sìkánà pa kóòdù rẹ́, iná náà kì í sábà kú títí ọkọ̀ yóò fi rìn nígbà mẹ́ta léraléra láìsí àléébù, kóòdù náà fúnra rẹ̀ sì ń wà nínú ìrántí títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná tí yóò sì tutù nígbà 40. Kí ẹ kọ òǹkà tí ẹ rí ṣáájú iṣẹ́ àti lẹ́yìn iṣẹ́ sínú ìwé iṣẹ́ ọkọ̀ náà, iná, ẹ́ẹ̀tì àti ìròyìn, kí ẹni tó bá tún ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú lè mọ ohun tí a ti dá láre.